Ọwọ́ Mi Ló Kọ́kọ́ Mọ̀, Ẹnu Mi Ló Pẹ́

Tí aago bá ti lu méjì òru, àpò ìtọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Mónítọ̀ wà lókè níbẹ̀ tó ń tàn yanran, tó ń ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan tí mo ti lò ní yàrá àwọn aláìsàn ọkàn ti kọ́ mi pé ìsàlẹ̀ ni ìròyìn ti máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín. Tí agbára rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, kíndìnrín á ti mọ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i, ìtọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ẹni tó bá wọn kílò 60, ó kéré tán, ó yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 30 láàárín wákàtí kan. Tó bá di 20, tó di 15, tó sì pọ́n bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí, nǹkan ń bọ̀ nìyẹn. Mo mọ èyí báyìí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ìgbà kan wà tí mo mọ̀ ọ́n tí n kò sọ ọ́, òun ni mo ṣe jókòó láti kọ ìwé yìí.

Ọmọ Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mí, ẹ̀yà Owé ni bàbá mi, Ìyàrà ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ iṣẹ́, tó gbé ẹ̀rọ BP dání, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn á tilẹ̀ pè é ní dókítà. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. N kì í gún abẹ́rẹ́, n kì í so dírípù, n kì í fi oògùn sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan wà káàkiri tó jẹ́ pé ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ fún oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni. Iṣẹ́ tèmi ni wíwẹ̀ fún aláìsàn, fífọ ẹnu wọn, yíyí wọn padà ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, pípààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wíwọn ìtọ̀, gbígbé wọn sórí òṣùwọ̀n láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, àwa la máa ń wẹ òkú, tí a ń dì í, kí àwọn ará mọ́ṣúárì tó wá gbé e.

Láti kékeré ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ti wà lọ́kàn mi. Ìyá ìyá mi bí ọmọ méjì ní ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í dẹ́kun àtisọ ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun yẹn. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, owó kò sí. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ, bàbá mi ní oko kajú kékeré kan, àwa mẹ́fà sì ni a wà lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yìí ni mo rí ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí n lọ sí ICU, ìyẹn yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, apá ibi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn tí ọkàn ń bá jà sí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni. Wọn kì í la àyà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn, Ìbàdàn tàbí Àbújá ni wọ́n ń kọ ìwé rẹ̀ sí, tí owó bá wà.

Láti Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ti ń gbé wọn wá, lórí ọ̀nà tí ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ọ̀pọ̀ jù lọ wá. Ó ti ń ru fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orí kò fọ́ wọn, oorun ń kùn wọ́n bó ṣe yẹ, wọ́n sì rò pé ara àwọn le. Ọkàn ló ń jà ní gbogbo ìgbà yẹn, tí iṣan rẹ̀ ń nípọn, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. A tún máa ń rí ọmọdé tí ọ̀nà ọ̀fun dùn léraléra tí wọn kò tọ́jú, tí àìsàn náà wá lọ ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan wà tí n kò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ké lóru. Mo gbójú sókè, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ti tẹ́ gbọọrọ. Mo kígbe pé Bàbá ti lọ. Bàbá kò lọ síbì kankan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, òógùn ló bò wọ́n láyà tí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn fi ṣí kúrò. Igbe tèmi ló ṣe ibi. Màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà wọ́n, ọkàn wọn sáré dé 140, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó rọlẹ̀. Sístà tó ń darí wa lálẹ́ ọjọ́ náà fà mí sẹ́yìn aṣọ ìkélé, kò pariwo mọ́ mi, ó kàn sọ pé, "Ojú aláìsàn ni kí o kọ́kọ́ wò. Tó bá ń sọ̀rọ̀, tó ń mí, ẹ̀rọ ló nílò ìtọ́jú." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. N kò mọ̀ nígbà náà pé ó ní apá kejì: ẹ̀rọ lè sọ pé gbogbo nǹkan dára nígbà tí ohun gbogbo ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Tíṣà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ gan-an. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, láti apá Ìsánlú, ọdún wọn 71. Ọkàn wọn ti wú, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró wọn, dókítà sì ti ní wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n wà níbẹ̀ tí wọn kò yàgbẹ́. Bí mo bá gbé páànù wá, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé kí n wá máa ṣu lójú rẹ? Ọmọ ọmọ mi lo jẹ́. Jẹ́ kí n lọ sí ilé ìgbẹ́. Ẹsẹ̀ mélòó ni?"

Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ni. Mo ti kà á. Mo sì mọ̀ pé kí n tó dé ibẹ̀, ọkùnrin kan ti yọ́ dìde ní bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nílé ìgbẹ́, nígbà tí wọ́n fi já ilẹ̀kùn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Tí a bá ń fi ipá ṣu, a máa ń sé èémí mọ́nú, àyà á le, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sínú ọkàn kò ní rọ́nà wọlé dáadáa. Bí a bá ti wá tú èémí náà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn tó lágbára á fara dà á, a kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ọkàn tó ti rẹ̀ lè ṣi ìlù rẹ̀ lù níbẹ̀, ó sì lè má bá a mọ́. Ẹ fi rírìn dé ibẹ̀ àti bíbẹ̀rẹ̀ kún un.

N kò lè sọ gbogbo ìyẹn fún àgbàlagbà tí ojú ń tì. Mo lọ bá Sístà, ó ní kí n pe ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kejì, kí n gbé àga onihò wá sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì gan-an, kí n fa aṣọ ìkélé yípo, kí n sì bẹ dókítà kó kọ oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ọmọkùnrin náà bá mi gbé wọn jókòó, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn aṣọ, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo di okùn ọ́síjìn wọn mú kó má baà já. Nítorí kí wọ́n má baà máa fi ipá ṣe é, mo ní kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ oko kọfí, nítorí mo ti gbọ́ pé bàbá wọn gbin kọfí láyé ijọ́un. Ọkàn wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń sá a sórí àpáta, bí òórùn òdòdó rẹ̀ ṣe máa ń gba gbogbo oko tó bá ti tàn, bí ó ṣe funfun. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni ara wọn ti tú. Mo nu wọ́n mọ́, mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n, mo wọ aṣọ tuntun fún wọn. Bí wọ́n ti sùn padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Okun o."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará wa, "okun" la fi ń kí ara wa nílé wa, àárọ̀, ọ̀sán, níbi iṣẹ́, níbi ọ̀fọ̀. Òun náà ló wá di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wá. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Bàbá Tíṣà lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.

Ẹjọ́ iyọ̀, ọwọ́ àwọn ẹbí ló wà. Wọ́n ń fi ìfẹ́ ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro. Wọ́n á ní oúnjẹ ilé ìwòsàn kò ní adùn, wọ́n á gbé iyán àti ọbẹ̀ wọlé lábẹ́ gèlè, Màggí mẹ́ta nínú ìkòkò kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ẹsẹ̀ aláìsàn á ti wú padà, ìwọ̀n rẹ̀ á ti fi kílò kan àti ààbọ̀ lé. Omi ni gbogbo rẹ̀. Ènìyàn kì í sanra bẹ́ẹ̀ ní òru kan. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣàlàyé omi mímu fún wọn nìyí: tí dókítà bá ní lítà kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta ni, torí 50cl ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń to mẹ́ta sórí tábìlì láàárọ̀. Tó bá mu ògì, a óò yọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ ọbẹ̀ olómi, a óò yọ ọ́. Màmá tí kò mọ ìwé rárá máa ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó kù fún un.

Ti iná mànàmáná, mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ kì í ní sùúrù. Bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà, ìṣẹ́jú kan, méjì, nígbà mìíràn mẹ́rin. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Mo fi okùn so tiwa mọ́ ọrùn sílíńdà lọ́jọ́ tí a wá a tì nínú òkùnkùn. Okùn yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Ìkókó ni mo ń sún síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Abúlé kan ní Bùnú ni wọ́n ti gbé e wá, ọmọ ọdún 26, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú kó tó bímọ, wọ́n ní oyún ni. Ó bímọ tán, ó ń wúkọ́ lóru, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ní òtútù ni. Wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà méjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó gbọnrangandan, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tán kó tó mí. Dókítà ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ pé àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin nígbà tí oyún bá ti fẹ́ dàgbà tán tàbí láàárín oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, pé iṣan ọkàn á kàn rọ̀ wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí: bí abíyamọ kò bá lè sùn gbalaja, tó jẹ́ pé ìjókòó ló fi ń sùn, ẹ má pè é ní òtútù. Ẹ gbé e wá.

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa omi jáde. Ọjọ́ kìíní, ìtọ̀ rẹ̀ ju lítà mẹ́ta lọ. Ọjọ́ kẹta, ó ti fi kílò mẹ́rin fúyẹ́, ó ń fi ìrọ̀rí méjì sùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìkókó wọlé. Èmi ni mo ń gbé ìròyìn lọ gbé ìròyìn bọ̀: ó ti mu wàrà, ó ti sùn, ó ti yàgbẹ́. Ọyàn rẹ̀ ń kún, ó ń ro ó. Mo máa ń bá a fún un sínú abọ́, ṣùgbọ́n kò tán. Omi ọyàn náà á ṣàn dé abẹ́ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà, á ṣí i, mónítọ̀ á ké. Ní gbogbo wákàtí ni mò ń nu àyà rẹ̀ gbẹ tí mo ń lẹ òmíràn. Á ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Mo ní kí ni mo fẹ́ bínú sí.

Òru ọjọ́ kẹrin, ní aago mẹ́sàn-án, mo ń nu ara rẹ̀. Mo kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù. Kì í ṣe ìtútù ẹni tí fáànù ń fẹ́ sí. Ó tutù bíi táìlì ilẹ̀, láti ọmọ ìka títí dé orúnkún, ẹsẹ̀ tí mo fọwọ́ kàn lánàá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wo òkè. BP 95 lórí 60, ọkàn 118, ọ́síjìn 96. Ẹ̀rọ kò ké, nítorí kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó kọjá ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Láti mọ́kànlá sí méjìlá, 12. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ti sùn?" Mo ní ó ti sùn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún bi mí. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ojú kan náà, ohùn kan náà, bí ẹni pé n kò dáhùn rí.

Ọwọ́ mi ti mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí gbà mí gbọ́, ọwọ́ mi ti mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni dókítà kan ti bú mi lójú àwọn ẹbí aláìsàn, nítorí mo lọ jí i lórí bàbá kan tí mo ní mímí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, tó sì wá jẹ́ pé kò sí nǹkan. Ó ní, "Ta ló ní kí ìwọ máa ṣe àyẹ̀wò? Gbá ilẹ̀ rẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà, àwọn méjèèjì sì wà lórí aláìsàn kan ní apá kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Mo kọ 18, mo kọ 12 sínú ìwé rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé kíkọ náà ti tó, pé wọn óò rí i. Lẹ́yìn náà mo lọ mú ìbọ̀sẹ̀ wá, mo wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, mo da ìró kejì bò ó.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹ̀rọ ké pọ̀.

Gbogbo wa la sáré dé ibẹ̀. Bí a ṣe ń tẹ àyà, kíkankíkan ni: ó gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn sì gbà á lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, nítorí apá máa ń kú kí ènìyàn tó mọ̀ pé apá òun ti kú. Èmi ni ẹni kejì. Mo ń tẹ̀, mo ń kà á sókè, omi ọyàn sì ń yọ lábẹ́ ọwọ́ mi. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. A ṣe é títí ó fi kọjá ìdajì wákàtí.

Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọn kò tíì sọ fún wọn.

Dókítà mìíràn ló ṣí ìwé náà láàárọ̀. Ó fi ìka sórí 12. Ó ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo ní èmi ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sọ fún mi pé ọkàn Ìyá Ìkókó ti bàjẹ́ gan-an, pé kódà bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ ní aago méjìlá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ má yí padà. Mo mọ̀ pé àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n láti aago méjìlá sí ìgbà tí ẹ̀rọ ké, wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú ni, ọwọ́ mi ni wọ́n wà, mo sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo àmì tí mo rí.

Mo lọ sílé ní Kábà, mo sọ fún ìyá mi pé n kò padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá wọn po ẹ̀kọ. Mátírọ́ọ̀nù ló pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì wọn, mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan èébú yẹn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níbí, ara ẹlòmíràn ló ń bá wa dákẹ́." Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti yí bí a ṣe ń fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ padà: ẹni tó wẹ aláìsàn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó sọ tirẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé ìtọ̀ tó bá kéré sí 30 lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹsẹ̀ tó tutù dé orúnkún, ẹni tó ń bèèrè ohun kan náà léraléra, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i pe dókítà, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u. Wọ́n kọ́ wa bí a óò ṣe sọ ọ́: nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀dì, ohun tí o rí, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Dókítà tó bú mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ nǹkan kan fún mi rí. Mo ṣì ń bínú sí i, mo sì tún ń bínú sí ara mi jù ú lọ.

Mo ti rò ó dáadáa. Nílé wa, ọmọ tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé wọ wọ́ọ̀dù, gbogbo wa la gbé e wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọdébìnrin fi máa ń rí ikú tó ń bọ̀ tí á sì máa wá ẹni tó jù ú lọ tí á kọ́kọ́ sọ ọ́. N kò rò pé ó yẹ kí a ju ẹ̀kọ́ ilé nù. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí Mátírọ́ọ̀nù. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti ń sọ ohun tí mo bá rí.

Oṣù tó kọjá, wọ́n fún wa ní ọmọbìnrin tuntun kan, ará Mọ̀pà, kò tíì pé ogún ọdún. Ní nǹkan bí aago kan òru, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́: "Àǹtí, ẹsẹ̀ Bàbá tutù." Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo bá a lọ, mo kan ẹsẹ̀ náà. Mo ní kó lọ pe dókítà. Ó ní, "Èmi?" Mo ní ìwọ ni.

Mo dúró ti Bàbá, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn yàrá tí dókítà ń sùn sí, ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì, èyí kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹsẹ̀ wọn gbóná ní aago mẹ́sàn-án, ó ti tutù dé orúnkún. Ìtọ̀ wọn jẹ́ 22, ó tún jẹ́ 16. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n báyìí."

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró sálúbàtà lórí ilẹ̀, tó ń yára bọ̀.